Àtẹ́lẹwọ́ Òsì Lórí Afárá Kúdẹtì

Ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní ìlú òyìnbó, tó wá kí mi nílé, ló sọ fún mi pé afárá àtijọ́ tó wà lórí odò Kúdẹtì ti di ibi tí àwọn èèyàn ń lọ ṣe fàájì. Inú fóònù rẹ̀ ló ti rí i. Ó ní, "Dádì, ẹ wò ó, àwọn èèyàn ń ti Èkó wá wò ó. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Bẹyẹrúnkà, ẹ ò mú mi débẹ̀ rí." Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ó ní òun ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti dé orí afárá náà kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ilé mi kò jìnnà sí i.

Òkúta ńláńlá ni wọ́n fi to ẹsẹ̀ afárá ọ̀hún, kò sì sí ẹni tó mọ àwọn tó tò ó. Àwọn àgbà agboolé wa a máa sọ pé bí àwọn bàbá àwọn ṣe bá a nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, omi jẹ etí rẹ̀ kan, wọ́n sì pe bàbá mi, tó jẹ́ bíríkìlà, pé kó wá tún un ṣe. Ó po sìmẹ́ǹtì, ó rẹ́ ẹ lé orí òkúta. Èmi àti àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, la gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un. Kí bàbá mi tó fọwọ́ tán, àbúrò mi ti lọ tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì tútù náà.

Ọwọ́ òsì ló fi tẹ̀ ẹ́. Òun náà ló fi ń jẹun, òun ló fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, wọn a sì máa gbá a lọ́wọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà mìíràn ìyá mi a fi aṣọ di ọwọ́ náà mọ́ ọn lára kó tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Àwa ọmọ agboolé ní tiwa sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-òsì, a sì ń fi kọrin tẹ̀lé e kiri.

Bàbá mi wo ojú ọwọ́ náà, ó mí kanlẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí! Tó bá tilẹ̀ jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lo fi tẹ̀ ẹ́." Ó ní tí òun bá jẹun tán, òun á rẹ́ ẹ pa. Nígbà tó jẹun tán, sìmẹ́ǹtì ti ń le. Ó ní kò burú, ọ̀la ń bọ̀.

Kí òjò ọdún náà tó dá, ara àbúrò mi gbóná fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó kú. Mùsùlùmí ni wá. Àwọn ọkùnrin agboolé sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá mi kò bá wọn lọ, ìyá mi kò sì béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Aṣọ rẹ̀ jáde nílé lọ́jọ́ náà, àti abọ́ tó fi ń jẹun. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ létí ìyá wa. A kò dárúkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò rẹ̀ rí. Láti ìgbà náà, bí ìyá mi bá ń lọ sí òdìkejì odò, Bẹẹrẹ ló ń gbà yí ká, tòun tẹrù lórí, kó má baà gba orí afárá. Bàbá mi kò sì padà lọ rẹ́ ojú ọwọ́ náà pa.

Mo lọ sí yunifásítì, mo kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí omi ńlá kan gbé àárín afárá náà lọ. Mo gbọ́, mi ò lọ wò ó.

Ìdajì ló kù nígbà tí èmi àti ọmọ mi débẹ̀. Ilé ti sún dé etí odò, ọ̀rá àti ike ti kún inú omi. Èèyàn bíi mẹ́wàá dúró lórí àjákù afárá náà, obìnrin kan tó mú agbòòrùn dání sì ń ṣàlàyé fún wọn.

"Ẹ sún mọ́bí, ẹ sún mọ́bí! Ọwọ́ tí ẹ ń wò yìí, ọwọ́ àwòrò obìnrin kan ni, láyé ogun. Kí àwọn jagunjagun tó kọjá níbí, òun ló kọ́kọ́ bá wọn mulẹ̀. Ẹ kíyè sí i, ọwọ́ òsì ni, ọwọ́ awo! Òkúta gba ọwọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ọwọ́ wọ inú ẹ̀kọ."

Ọkùnrin oníkùn ńlá kan ní, "Tí mo bá gbé ọwọ́ lé e, ṣé ìyàwó mi á dín ariwo kù?"

"Alàgbà, afárá lẹ wá wò, ẹ ò wá tọrọ àlàáfíà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tò, wọ́n ń gbé ọwọ́ òsì wọn lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ya fọ́tò. Mo sún mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ ti ń dán. Orí ìka tó kéré jù ti pa rẹ́.

Ó kan ọmọ mi. Ọwọ́ òsì lòun náà ń lò. Ó gbé e lé e, ọwọ́ rẹ̀ sì bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. "Dádì, ó kéré o. Ó dà bí ọwọ́ ọmọdé."

"Ọwọ́ ọmọdé ni," mo wí. "Ọwọ́ àbúrò mi ni."

"Bàbá!" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀yin náà bá wọn jagun ni?"

Gbogbo wọn tún rẹ́rìn-ín. Mo ní sìmẹ́ǹtì ni, kì í ṣe òkúta, bàbá mi ló sì rẹ́ ẹ. Ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Obìnrin náà rọra fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bàbá, mi ò bá yín jiyàn. Àmọ́ kí a tó máa sọ ìtàn yìí, ńṣe ni wọ́n ń wú òkúta ibí lọ fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé. Tí mo bá ní ọwọ́ ọmọ bíríkìlà ni, ta ni yóò wá? Kò ní pẹ́, ẹ ò ní bá òkúta kan níbí mọ́, ẹ ò sì ní bá ọwọ́ ọ̀hún."

Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn, mo yíjú sí odò.

Ọmọ mi ń wò mí. "Ṣé torí ẹ̀ lẹ fi bá tíṣà mi jà lọ́jọ́sí, nígbà tó nà mí torí ọwọ́ òsì?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ ò sọ fún mi rí pé ẹ ní àbúrò tó kú."

"Wọn kì í sọ ọ́."

Obìnrin náà sún mọ́ wa. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Tí mo bá ti sọ ti àwòrò tán, màá fi kún un pé àwọn kan ní ọwọ́ ọmọ báyìí-báyìí ni. Ẹ ṣáà fún mi lórúkọ rẹ̀."

Ọmọ mi ti mú fóònù rẹ̀ jáde láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo la ẹnu. Bàbá mi ní orúkọ tó ń pè é, ti kéwú. Ìyá mi ní tirẹ̀, ìyá àgbà ní tirẹ̀. Mo wá wọn. Ọlọ́wọ́-òsì nìkan ló ń wá sí mi lẹ́nu, orúkọ tí a fi ń pa á lẹ́kún. Gbogbo àwọn tó mọ èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ti kú. Èmi nìkan ló kù, mi ò sì mọ̀ ọ́n mọ́.

"Ẹ fara balẹ̀ rò ó, Bàbá," obìnrin náà wí. Àwọn àlejò mìíràn ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ó gbé agbòòrùn rẹ̀, ó lọ pàdé wọn. "Ẹ sún mọ́bí, ẹ sún mọ́bí!"

Nínú ọkọ̀, mo ní kí awakọ̀ gba Bẹẹrẹ.

"Bàbá, ibẹ̀ jìn o. Ọkọ̀ sì máa ń há níbẹ̀ lásìkò yìí."

"Gba ibẹ̀."

Mo ń ka orúkọ àwọn ọmọbìnrin agboolé wa lábẹ́ ètè, gbogbo èyí tí mo mọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí a fi kọjá Mápó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ tirẹ̀.