Orógùn Ìyá Ẹlẹ́kọ Tó Di Gègé

Gègé ìkọ̀wé mẹ́rin ló là mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọ̀sán ọjọ́ kan sí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ igi tí mo fi ṣe wọn kò ní èkejì láyé. Orógùn ni igi náà. Ìyá ẹlẹ́kọ kan ní Ìfọ́n ló fi ń ro ẹ̀kọ láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́bìnrin, owó ẹ̀kọ náà ló sì fi rán ọmọ mẹ́fà nílé ìwé. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ ní àwọn kò fẹ́ kí orógùn náà di igi ìdáná. Wọ́n fẹ́ kí a fi ṣe gègé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan níbi àdúrà ogójì ọjọ́.

Mo rántí pé ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti jáde ilé ìwé gíga, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, iṣẹ́ ìjọba tí mo ń retí kò sì yọjú. Bàbá mi wá mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Ìlobù tó ń fi ẹ̀rọ yí igi. Òpó bẹ́ẹ̀dì àti ẹsẹ̀ àga ni ọkùnrin náà, ọ̀gá mi, ń yí tẹ́lẹ̀, títí tí oníbàárà kan tó ń ta iṣẹ́ ọnà fún àlejò ní Òṣogbo fi gbé gègé onígi kan wá fún un. Ọ̀gá mi tú u palẹ̀, ó tún un tò, ó ní, “Èyí ò le.” Láti ọjọ́ náà ni ìbátan rẹ̀ kan ti ń bá a ra àwọn irin gègé wá láti Èkó.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó lu ihò sáàárín igi, a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ páìpù idẹ tín-ín-rín mọ́ inú ihò náà, a ó wá yí igi náà lórí ẹ̀rọ títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka. Lẹ́yìn èyí la ó fi fáìsì, irin tí a fi ń fún nǹkan pọ̀, ti irin ẹnu gègé wọ inú páìpù. Ibi tí a ti ń tì í yìí ni wàhálà wà, nítorí igi tó ṣẹ́ kù lára gègé nígbà náà kò nípọn ju èèpo ọsàn lọ.

Àkọ́bí ìyá ẹlẹ́kọ, obìnrin kan tó ń ṣe olùkọ́ ní Ìfọ́n, ló gbé orógùn náà wá. Àbúrò ìyá wọn tẹ̀ lé e, ìyá arúgbó tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Lákòókò yẹn, ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìfọ́n àti Ìlobù ti jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa fura síra wọn, ìyá arúgbó náà kò sì fi bò.

“Ọ̀gá, orógùn ẹ̀gbọ́n mi rèé o,” ló wí. “Ará Ìlobù ni yín, ará Ìfọ́n ni wá. Bó bá bàjẹ́, ẹ mọ ohun táráyé máa sọ.”

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. “Ìyá, igi kì í mọ ààlà. Bó bá bàjẹ́, èmi ni kí ẹ bú. Ẹ má bú ìlú.”

A wọn orógùn náà. Ègé mẹ́sàn-án péré ló lè ti ibẹ̀ jáde: mẹ́fà fún àwọn ọmọ, mẹ́ta bí ọwọ́ bá ṣì. Lọ́jọ́ kejì ọ̀gá mi fẹ́ lọ sí Òṣogbo fún ọjọ́ méjì. Ó ní, “Gé e, lu ihò, lẹ páìpù, yí i. Ṣùgbọ́n má tò ó. Dúró dè mí.”

N kò dúró. Mo rò ó pé ẹni tó kàwé dé ibi tí mo kà á dé, kí ni fáìsì tún fẹ́ kọ́ ọ? Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ orógùn, níbi tó ti nípọn jù. Mo yí mẹ́rin, wọ́n ń dán bí ẹyin. Mo ti irin wọ inú èkínní, ó dún pá, bí ìgbà tí èèyàn ń pa ẹ̀pà, ìlà kan sì sáré láti ẹnu rẹ̀ dé àárín. Mo ní igi náà ni kò dáa. Mo fi agbára ti èkejì, ó là. Mo rọra ti ẹ̀kẹta, òun náà là. Ẹ̀kẹrin wọlé láìdún, mo fò sókè, mo gbé e sórí tábìlì bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Nígbà tí mo dé lówúrọ̀, ó ti là láti orí dé ìdí. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá mi dé, kò pariwo. Ó gbé èkínní sójú oòrùn. “Wo inú páìpù yìí. Kí lo rí?”

“Gọ́ọ̀mù ni, sà.”

“Ta ló fi síbẹ̀?”

“Èmi ni, sà. Ó ṣàn wọlé nígbà tí mo ń lẹ̀ ẹ́.”

“Ó ti gan síbẹ̀. Irin fẹ́ wọlé, gọ́ọ̀mù dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ò gba àwọn méjèèjì, igi ló máa ya. Èyí tó là fúnra rẹ̀ ńkọ́?”

Mo ní n kò mọ̀, pé orógùn ti gbó, ó ti gbẹ dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. “Igi tó ń wọnú ẹ̀kọ lójoojúmọ́ ló gbẹ? Ọmọ yìí, títí di àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ṣì ń fi rokà fún àlejò! Omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ọyẹ́ ń fa omi yẹn jáde, igi ń sún kì, páìpù ò sún. Kí ló máa ṣe ju kó là lọ? Òkè, níbi tí ọwọ́ ìyá ti ń dì í mú tí ẹ̀kọ kì í dé, ibẹ̀ ló yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀.”

Ègé márùn-ún ló kù, ọmọ jẹ́ mẹ́fà. Ọ̀gá mi mú mi lọ sí Ìfọ́n, ó ní èmi tí mo là á ni kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójúde wọn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

Ìyá arúgbó náà bú sẹ́kún. “Mo wí! Mo ní kí wọ́n má gbé e dé Ìlobù!”

Olùkọ́ náà kò wo ojú mi. “Mélòó ló kù?”

“Márùn-ún, mà.”

“Àwọn àbúrò mi márùn-ún ni. Ẹ ṣe tiwọn.”

Nígbà tí à ń padà, bó ṣe kù díẹ̀ ká dé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá mi yíjú sí mi. Ó wá ní, “O gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn wí? Lọ wá bí wàá ṣe ṣe tirẹ̀.”

A kó ègé márùn-ún náà sínú àpò bébà, a fi ìyẹ̀fun igi gbígbẹ bò wọ́n, a gbé wọn síbi tí oòrùn kò dé, kí wọ́n má baà gbẹ lójijì. Láràárọ̀ ni mo ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà láti fi òṣùwọ̀n rẹ̀ wọ̀n wọ́n. Ọkùnrin náà kò jẹ́ kí n rímú mí. “Gíráàdúétì, ṣé wúrà rẹ ti dé?” Gbogbo àdúgbò á bú sẹ́rìn-ín. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ègé náà kò fúyẹ́ sí i mọ́. Òní rí bí àná. Ìgbà náà ni ọ̀gá mi ní wọ́n ti gbẹ.

Mo lu ihò, mo lẹ páìpù, mo yí wọn. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi ọ̀bẹ kékeré ha gọ́ọ̀mù inú páìpù kúrò, mo ká sáńpépà bọ inú rẹ̀, mo fi í dán ẹnu rẹ̀ kí irin lè rí ọ̀nà wọlé tààrà. Lẹ́yìn náà mo tì í díẹ̀, mo dúró, mo yí i wò, mo tún tì í díẹ̀. Ọ̀gá mi dúró sẹ́yìn mi, ó ń wí jẹ́jẹ́ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Márààrún wọlé, a kò gbọ́ pá kankan.

Ti àkọ́bí ló kù. Mo mú èyí tó là lórí tábìlì, mo po ìyẹ̀fun orógùn yẹn kan náà mọ́ gọ́ọ̀mù, mo fi dí ojú ìlà náà, mo fi òwú dì í fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo dán an tán, kò là mọ́, ṣùgbọ́n ìlà dúdú kan wà lára rẹ̀ láti orí dé ìdí.

Lọ́jọ́ àdúrà, lẹ́yìn tí àwọn àáfà ti ṣe tán, mo kúnlẹ̀ mo gbé e fún un. Mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Ó ní àpá.” Ó fi èékánná tọ ìlà náà. Ó wá pe àwọn àbúrò rẹ̀. “Ẹ rántí ọwọ́ ọ̀tún màmá wa? Ibi tí ẹ̀kọ gbígbóná ti jó wọn? Bó ṣe rí gan-an nìyí.” Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ara wọn yí ká, ẹkún gba ilé kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìyá arúgbó náà gbé àwo sàárà ńlá kan síwájú mi. “Ará Ìlobù, jẹun. Rọra tì í wọlé o, kó má baà là.” Ẹ̀rín ni gbogbo wa fi parí ẹkún.

Mo fi iṣẹ́ igi sílẹ̀ kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn èyí, mo di oníròyìn. Ọ̀gá mi ti lọ, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò fi ẹnu tirẹ̀ bá mi sọ ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Ìfọ́n tí wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Olùkọ́ náà kú láìpẹ́ yìí, ó ti dàgbà. Mo lọ kí wọn, mo bi àbúrò tó tẹ̀ lé e, tó ti di olórí ẹbí báyìí, léèrè ohun tí wọn ó ṣe sí gègé náà. Ó ní, “A ò ní tà á, a ò sì ní sin ín mọ́ wọn. Ọmọ-ọmọ tó bá kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ la máa fún. A máa fà á lé e lọ́wọ́ níbi ìpàdé ẹbí lẹ́yìn Iléyá. Ẹ̀yin lẹ máa wá ṣàlàyé bó ṣe là fún un.”

Mo ní màá wá.