Ìgbà Tí Fóònù Mi Wọ Gíláàsì

Kírín kan ṣoṣo ni. Kí n tó nu ọwọ́, kí n tó tú fóònù kúrò ní ìdí ìró mi, ó ti panu mọ́. Bí ayé ṣe rí ní Douala nìyẹn nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni, bíìpù ni gbogbo wa ń bu ara wa: jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, gé e, kí ẹni ẹlẹ́ni fi owó tirẹ̀ pè ọ́ padà. Abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke ni mò ń tà ní Marché Central. Oníbàárà tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà ti dé, bíìpù. Àbúrò ọkọ tí kò ní nǹkan gidi kan láti sọ, bíìpù. Bí Ọlọ́run bá ní nọ́ńbà ní Douala, bíìpù ni wọn ìbá máa bu òun náà, wọn á sì máa retí kó pe àwọn padà.

Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi tó ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn, tó ń ya aráyé ní fóònù pe èèyàn. Kọ́ọ̀lù-bọ́ọ̀sì là ń pe iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ Bafoussam ni, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wa fi wọ̀. Lọ́jọ́ tí bíìpù sú mi pátápátá, mo ráhùn fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ma mère, bring am. I go punish dem for you.” Ó gba fóònù, ó tẹ ìràwọ̀, ó tẹ nọ́ńbà, ó ní ó ti parí. Ó ṣàlàyé pé láti ìsinsìnyí lọ, fóònù mi ò ní dún mọ́ fún àwọn ahun. Bí wọ́n bá ti pè báyìí, ọ̀dọ̀ répondeur ni wọ́n máa bọ́ sí, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn èèyàn pa mọ́, níbi tí obìnrin kan ti ń sọ Faransé dídùn. Bí obìnrin yẹn bá sì ti lanu, owó ẹni tó pè ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nìyẹn.

Ha, inú mi dùn! Mo fi odidi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ta á lọ́rẹ. Ohun tí mi ò bi í léèrè ni báwo ni fóònù ṣe máa mọ ahun yàtọ̀ sí ẹni gidi. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé á mọ̀ ni. Nǹkan tí mo rà lówó gọbọi bẹ́ẹ̀, ṣé kò ní mọ ọkọ mi?

Bí gbogbo ilé ṣe rọ̀ nìyẹn. Ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró gbọn-in lójú fóònù, ó kún dé òkè. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ àmì kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: òbìrìkìtì kékeré méjì tí igi tín-ín-rín so pọ̀. Mo ní gíláàsì ni. Mo ń fi han gbogbo ọjà pé fóònù mi ti wọ gíláàsì, pé ó ti kàwé jù mí lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ mi lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Tiko, ó ń lọ ra ọjà ní Calabar. Ìjà Bakassi ṣì gbóná. Sójà Nàìjíríà wà lápá kan odò, sójà Kamẹrúùnù wà lápá kejì, oníṣòwò wà láàárín bí ata láàárín ọlọ àti ọmọ ọlọ. Nílẹ̀ níbí pẹ̀lú, bí ìbọn bá ti dún lọ́hùn-ún, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá ní carte de séjour, ìwé ìgbélùú àjèjì, ní gbogbo oríta, ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ fi hàn, àgọ́ ọlọ́pàá ló ń sùn. Fóònù kan ṣoṣo la ní nínú ilé, ọwọ́ mi ló wà. Ọkọ mi ní, “Bí ẹsẹ̀ mi bá ti kan ilẹ̀, màá wá ibi tí wọ́n ti ń pe fóònù, màá pè ọ́.”

Mo ní, “Ṣé o máa pè ni, àbí o máa bíìpù?”

“Màá pè! Ṣé ahun lo fẹ́ ni?”

Mo gbé àpò rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Èèyàn kì í bá ẹni tó ń rìnrìn àjò sọ òótọ́ tán.

Ọjọ́ tó yẹ kó pè kọjá, kò pè. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Mo so fóònù mọ́ orí òpó ìsọ̀. Mo gun tábìlì, mo nà án sókè bí ẹni tó ń fi ọmọ tuntun han òṣùpá. Ọ̀pá kún, gíláàsì ń wò mí, kò dún. Obìnrin kọ́ọ̀lù-bọ́ọ̀sì ti lọ sìnkú ní abúlé wọn, òkú tiwọn kì í sì í tètè tán. Ẹnì kan wá sọ lọ́jà pé òun gbọ́ pé ìbọn dún lórí omi. Láti ọjọ́ yẹn, iye tí oníbàárà bá ti dá lé ọjà ni mò ń gbà, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ìgbà yẹn ni gbogbo ọjà mọ̀ pé nǹkan ti ṣe mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá kó àgbà kan lẹ́yìn, wọ́n wá bá mi nílé ní Logbaba. Wọn ò sọ pé ẹnikẹ́ni kú.

Alága ní, “Ìyàwó wa, ẹ kú ìrọ́jú.”

“Ìrọ́jú kí ni, Bàbá?”

“Ìrọ́jú ayé ni.”

Àgbà kejì wúkọ́. “Ìwé ilẹ̀ tó rà ní Ogbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Ṣé ibí ló wà?”

Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí òkú ná, kẹ́ ẹ tó pín ogún.” Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́ o.

Ibi tá a wà nìyẹn tí obìnrin kọ́ọ̀lù-bọ́ọ̀sì fi wọlé pẹ̀lú ẹkún. Ó ti dé láti ibi òkú, ó sì ti gbọ́. “Assia, ma mère, assia!” Ẹ kú ìrọ́jú tiwọn nìyẹn. Ó jókòó tì mí, ojú rẹ̀ bọ́ sára fóònù tó wà lórí tábìlì, ẹkún rẹ̀ dá wáí. “Ékié! Your répondeur don full!” Gíláàsì tí mò ń fi yangàn, àmì pé ohùn èèyàn ń dúró dè mí ni.

Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sí mi létí. Ohùn ọkọ mi ni! “Ẹ́lòó? Mo ti dé o! Madame, ta ni yín?” Nínú iṣẹ́ kejì tó fi sílẹ̀, ẹ̀rù ti bà á, ó ti wá Faransé rẹ̀ jáde. “Bonjour Madame. Moi le mari. Ma femme papier complet!” Ó ń sọ pé òun ni ọkọ mi, pé ìwé mi pé. Ọkọ mi rò pé wọ́n ti mú mi, pé ọlọ́pàá obìnrin ló gba fóònù lọ́wọ́ mi. Nínú ìkẹta, Faransé tán, ó bọ́ sí Yorùbá.

“Madame, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Bó bá bú yín, ẹ fi orí jì í, èmi ló ń bú jù láyé. Òun ni ilé mi. Bí mo bá wọlé tí mi ò gbọ́ èébú rẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé mo ṣi ilé yà. Ẹ má jẹ́ kó sùn sórí símẹ́ńtì lásán, òtútù kì í bá ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́. Mo ti pa ọjà tì. Mò ń bọ̀ lọ́la.”

Alága na ọrùn. “Kí ló wí?”

Mo ní, “Ó ní ẹ kú ìjókòó.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, ṣùgbọ́n àyà mi tún já. Ọkùnrin yìí tún fẹ́ gba orí omi ìbọn yẹn padà, nítorí tàkúté tí mo dẹ fún ahun! Obìnrin kọ́ọ̀lù-bọ́ọ̀sì pe nọ́ńbà tí ọkọ mi fi pè mí. Ọmọge kan gbé e ní Calabar, ó ní, “That Baba wey dey beg woman for phone? E don enter boat.” Kò sí ohun tá a lè ṣe mọ́ àfi ká dúró. Obìnrin kọ́ọ̀lù-bọ́ọ̀sì tú àṣẹ tó pa fún fóònù ká. Kò pẹ́ tí kírín kan ṣoṣo dún. Bíìpù oníbàárà ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo súre fún ahun.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù ké, kò dákẹ́. Ohùn ọkùnrin ni, ọlọ́pàá gidi. “Madame, venez chercher votre mari.” Ó ní kí n wá mú ọkọ mi, pé ó ti Tiko wá tààrà sí àgọ́ àwọn, ó ní kí wọ́n tú ìyàwó òun sílẹ̀. Wọ́n ní kò sí ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun ò lọ, kí wọ́n ti òun mọ́ ibi tí wọ́n tì í mọ́. Àwọn ọlọ́pàá ní àwọn ò tíì rí ọmọ Nàìjíríà tó ń bẹ̀bẹ̀ láti wọ àtìmọ́lé rí.

Mo bá a lórí bẹ́ǹṣì, iyọ̀ òkun ti gbẹ mọ́ ọn lára. Wọ́n ti fún un ní búrẹ́dì. Ó fò dìde.

“Wọ́n ti tú ẹ sílẹ̀?”

“Ta ló mú mi?”

“Obìnrin tí fóònù ẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ̀rọ ni, Bàbá àwọn ọmọ mi.”

“Ẹ̀rọ? Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn?”

Mo ní kó gbé àpò rẹ̀ ká máa lọ, pé ó ń rùn. Ó gbé e, ara rẹ̀ balẹ̀.

Ó ṣe díẹ̀ tí mo fi ń jí owó ara mi ná lọ́dọ̀ répondeur, mo ń tẹ́tí sí ohùn yẹn lẹ́yìn ìsọ̀. Lọ́jọ́ kan obìnrin Faransé sọ pé kò sí ìkankan mọ́, ó ti pa á rẹ́. Orí wa ti funfun báyìí, fóònù sì ti di nǹkan tí à ń fi rí ojú ọmọ wa. Ọkọ mi kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi lójú rí. Mi ò sì sọ fún un pé mo gbọ́. Bó bá wọlé nírọ̀lẹ́, mo máa ń rí i pé mo bú u díẹ̀, kó má baà rò pé ó ṣi ilé yà.