“Adúpẹ́” Ni Ìyá Alágbàfọ̀ Wí

Ìyá alágbàfọ̀ ti kú. Orí àga ni wọ́n kú sí, lẹ́bàá fèrèsé, nítorí ó ti tó oṣù mọ́kànlá tí ẹ̀yìn dídùn kò jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn. Ọjọ́ kejì ni èmi tí mo ń gbé lókè yàrá wọn tó mọ̀. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìyá yìí fi fọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn wa. Aṣọ tútù tí wọ́n ń gbé níbẹ̀ ló ba ẹ̀yìn wọn jẹ́. Abẹ́rẹ́ kan ló ń gbà wọ́n: dókítà á gún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, á pa iṣan tó ń gbé ìrora kiri lẹ́nu mọ́ fún oṣù mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ abẹ́rẹ́, ẹ ó gbọ́ orin ìyá lórí àtẹ̀gùn. “Akọ̀wé,” wọ́n á ní fún mi, “ṣé ìwé lo fẹ́ gbé níyàwó ni?”

Kí ló wá dá abẹ́rẹ́ dúró? Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú fáìlì ṣí i, ó kà á fún mi: “A pè é lórí fóònù. Ó ní ara òun le. Kò nílò abẹ́rẹ́ mọ́.”

“Báwo lẹ ṣe bi wọ́n?”

“Mo ní, ‘Ẹ kú àárọ̀, Mà. Ṣé ara le?’ Wọ́n ní, ‘Adúpẹ́, ọmọ mi, ara le. Àwọn ará ilé ńkọ́?’”

“Ìyẹn nìkan?”

“Ohun tí ọ̀gá ilé ìwòsàn ní ká bi wọ́n nìyẹn, sà. Wọ́n wá síbí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà. A ní kí wọ́n lọ máa retí ìpè.”

Háà! Ọmọlúwàbí wo la kí láàárọ̀ tí yóò ní ara òun ò le? Ìyá tí kò ní ará ilé kankan ló ń béèrè ará ilé ẹlòmíràn! Ọ̀gá yìí, ṣé ilé tí wọn kì í kíra wọn ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ni? Ó fẹ́ kí èrò tó ń retí abẹ́rẹ́ dín kù. Ó kúkú ti dín kù: ọ̀kan ti wọlẹ̀.

Èmi náà ńkọ́? Àràárọ̀ ni mo ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn. “Ṣé ara le, Màmá?” “Adúpẹ́, Akọ̀wé.” Màá ti dé ìsàlẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ni mi ò gbọ́ orin, mi ò sì béèrè.

Mo fẹ́ mọ ẹni tó fọwọ́ sí àṣẹ yẹn. Mo fẹ́ mọ iye aláìsàn tí wọ́n fi “adúpẹ́” pa orúkọ wọn rẹ́. Kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ jókòó, kó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá dúpẹ́ tán, kó má gbé fóònù sílẹ̀. Kó bi wọ́n pé: “Ìyá, orí ibùsùn lẹ sùn lánàá ni, àbí orí àga?”