Ihò Àárín Òǹtẹ̀ Nikasia

Ẹsẹ̀ ni Nikasia ń mọ. Ẹsẹ̀, ọwọ́, etí, ojú, amọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bí òrìṣà Asklepiọsi bá wo aláìsàn sàn ní Kọ́ríńtì, onítọ̀hún á wá ra irú ẹ̀yà ara tó ń dùn ún tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ Nikasia, á sì fi í dúpẹ́, á gbé e kọ́ sára ògiri tẹ́ńpìlì. Iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ṣe nìyẹn. Láti ọmọ ọdún méje ni wọ́n ti kọ́ ọ pé, kí amọ̀ tó gbẹ, kí ó fi igi ólífì tín-ín-rín lu ihò sí i, torí ọpẹ́ tí kò ní ihò kò ṣe é gbé kọ́.

Nígbà tí ìjọba Kristẹni ti ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì, ẹnikẹ́ni ò ra ẹsẹ̀ mọ́. Koríko bo ọ̀nà orísun omi tẹ́ńpìlì. Eku ń sùn nínú àwọn ẹsẹ̀ tó kù nílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ránṣẹ́ láti ìlú Síkíónì pé kí ó wó ààrò ìsunkòkò rẹ̀, kí ó wá bá òun ṣọ́ ewúrẹ́. Nikasia ní bí ààrò náà kò bá gbóná títí di ìkórè ólífì, òun á lọ.

Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí Eutropiọ, àlùfáà ìjọ, yọ sí i láàárọ̀ ọjọ́ kan. Trofime, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ṣe búrẹ́dì ìjọ, ló mú un wá. Bí Nikasia ṣe rí àlùfáà, ó sáré jókòó lé àpótí tó kó àwọn ohun tó fi ń mọ amọ̀ sí.

“Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ fọ́ wọn, ẹ kọ́kọ́ fọ́ mi.”

Trofime bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá, ta ló fẹ́ fọ́ nǹkan? Ìdí yín ló máa fọ́ wọn bí ẹ ò bá tètè dìde!”

“Òǹtẹ̀ onígi tí a fi ń tẹ búrẹ́dì ìjọ ti là,” ni àlùfáà wí. “Amọ̀ la fẹ́ báyìí. Ẹ bá wa fín àgbélébùú sí i.”

“Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ara yín, Bàbá.”

“Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ tí ẹ mọ fún ìyá mi nígbà kan, mo ka ọmọ ìka rẹ̀, ó pé.”

Ni ààrò bá tún gbóná. Nikasia fín òǹtẹ̀ náà bí ẹni ń fín ojú ọmọ tuntun, ó sì gbé e fún Trofime.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Trofime sáré wọlé tòun ti búrẹ́dì àti òǹtẹ̀ lọ́wọ́. “Ìyá, kí lẹ ṣe fún wa? Búrẹ́dì wa ní ìdodo!”

Lóòótọ́, kókó kékeré kan ta yọ láàárín àgbélébùú. Nikasia gba òǹtẹ̀ wò. Ihò! Ọwọ́ rẹ̀ ti lu ihò sí i láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dà bíi pé ó ń gbọ́ igbe ewúrẹ́ Síkíónì.

Ó fi ìborùn wé òǹtẹ̀ náà, ó gba ọ̀dọ̀ àlùfáà lọ láti jẹ́wọ́. Lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, àwọn ọmọdé ń jà lórí búrẹ́dì tó ṣẹ́kù. “Èmi ni mo ni ìdodo! Ìwọ lo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan!”

“Bàbá, ẹ má bínú. Gbogbo ohun tí wọ́n bá máa fi dúpẹ́ ni mo máa ń lu ihò sí. Ọwọ́ mi ò mọ òmíràn.”

Àlùfáà wo àwọn ọmọ náà títí. “Àwa náà ń fi búrẹ́dì yìí dúpẹ́, Ìyá. Àwọn ará ìjọ ìlú Kẹnkíréà tó wá bá wa jọ́sìn lónìí ti rí i, wọ́n ní kí ẹ ṣe tiwọn.”

“Kí n lu ihò sí i?”

“Bí ẹ ò bá lù ú, ẹ̀yin lẹ máa bá àwọn ọmọ wọn sọ̀rọ̀.”

Nikasia ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ pé kí ó wá ẹlòmíràn fún ewúrẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó po amọ̀, ó fín àgbélébùú, ó mú igi ólífì. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lu ihò náà; lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ̀ ọ́n mọ̀ lù ú ni.