Ọkàn Lorna àti Bángà Ẹni Mímọ́ Anselmo

Kò sẹ́ni tó fipá mú Lorna purọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi pa á, ní ìdájí, pẹ̀lú ẹ̀wù ìsùn lọ́rùn, níwájú ilé Dóńyà Vica aládùúgbò rẹ̀.

"Dókítà mi ní ọkàn mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ariwo ńlá," ló wí, ó sì fọwọ́ lé ọ̀tún àyà rẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún mí gúlegúle díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè lọ́bẹ̀.

Lorna wa yìí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni ní Kánádà, níbi tí yìnyín ti máa ń jókòó kalẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọlé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kàn ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni, ó ń gba fèrèsé jáde: owó ilé, owó gáàsì tí wọ́n fi ń mú ilé móoru, ó tán. Ló bá gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó lọ sí San Anselmo, ìlú kékeré kan létí adágún Chapala ní Mẹ́síkò, pé oòrùn ibẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, pé tòmátò ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó fi ṣọ́bìrì tó fi ń kó yìnyín ta ẹni tó bá a gbé ẹrù lọ́rẹ, ó sì wá.

Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un ni pé ọjọ́ Sunday gùn gan-an fún ẹni tí kò ní ará nítòsí, pé Derek ọmọ rẹ̀ á máa pè nígbà tó bá rántí, àti pé oòrùn kì í béèrè bóyá o sùn dáadáa. Dóńyà Vica ló máa ń béèrè; "Dóńyà" ni wọ́n fi ń pọ́n àgbà obìnrin lé níbẹ̀. Opó apẹja ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, orí ògiri ló sì ti máa ń nahùn: "Ọmọ mi, o ti jẹun?" Láti ìgbà tí ìyá Lorna ti kú, kò tíì sẹ́ni tó pè é lọ́mọ. Ìyẹn nìkan tó ohun tó lè mú un gbàgbé Kánádà.

Àmọ́ bángà ń bẹ. Bí ọdún Ẹni Mímọ́ Anselmo bá dé, wọn á máa tanná sí bángà tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá, tó ń fò lọ sójú ọ̀run kó tó dún, kí àkùkọ tiẹ̀ tó jí. Lónìí ọjọ́ àwọn bíríkìlà, lọ́la ọjọ́ àwọn aránṣọ, títí yóò fi kan àwọn apẹja, tó gbẹ̀yìn. Iwájú ilé Vica ni tàwọn apẹja ti máa ń dún, nítorí Fermín ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni olórí wọn.

Gordon, òyìnbó bíi tirẹ̀ tó ń mu kọfí ní gbàgede ìlú, ló kọ́ Lorna lọ́gbọ́n: "Tó o bá ní kí wọ́n dákẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Sọ pé ara rẹ ò yá."

Lorna rò pé wọ́n á kàn sún bángà náà síwájú díẹ̀ ni. Háà! Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ tó pa irọ́ náà, gbogbo àdúgbò ti dákẹ́ rọ́rọ́. Oníbúrẹ́dì ò fọn fèrè mọ́. Onígáàsì pa orin ọkọ̀ rẹ̀, ó ń tì í kọjá bí olè. Tí ọmọdé bá pariwo, ìyá rẹ̀ á fa etí ẹ̀: "Ṣé o fẹ́ pa Dóńyà Lorna ni?" Ajá Tranquilino, ọkùnrin tó ń ṣe bángà fún ìlú, kò mọ ẹnu ẹ̀ pa mọ́, ni wọ́n bá fi ajá náà ránṣẹ́ sílé àna ọkùnrin náà.

Láràárọ̀ ni Vica ń gbé omitooro adìyẹ wá. Nírọ̀lẹ́, ó kó àwọn obìnrin wá gbàdúrà fún ọkàn aláìsàn náà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n ń wo Lorna tìfẹ́tìfẹ́. Lorna jókòó sáàárín wọn, ara rẹ̀ le koko, ojú ń tì í débi pé kò lè wúkọ́.

Nígbà tó di Saturday, ó yọ́ lọ sí ìlú kejì, níbi tí Gordon ti ń ṣe ọjọ́ìbí. Ìyá yìí jó! Ó ń yí bí òkòtó, yẹ̀rì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àfi bí fèrè kan láàárín àwọn olórin ṣe gé lójijì. Lorna bojú wòkè. Evaristo ni, ọmọ ọmọ Vica. Níwọ̀n ìgbà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ò ríbi fọn fèrè ládùúgbò mọ́, òde Gordon ni wọ́n gbà.

Evaristo ò bínú. Ìyẹn gan-an ló burú. Ó yíjú sáwọn elégbè rẹ̀: "Ẹ rọra o! Dóńyà Lorna wà níbí! Ẹ rántí ọkàn wọn!" Kíá, orin ijó di orin ìrẹmọlẹ́kún.

"Kí lèyí?" Gordon pariwo. "Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ ọwọ́ sùn ni?"

Evaristo gbé omi wá fún Lorna, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e. "Ìyá, ẹ jókòó. Ẹ má fi ara yín ṣòfò." Ì bá tẹ́ Lorna lọ́rùn kó gbá òun létí.

Lọ́jọ́ kejì, omitooro dé bó ṣe ń dé. Lorna ò lè gbójú sókè.

"Evaristo sọ fún yín?"

"Kí ni Evaristo kì í sọ? Mu ún kó tó tutù."

Ó mu ún. Ó gbóná, ó sì dùn.

Ọjọ́ àwọn apẹja wá pé. Láti ojú fèrèsé, Lorna rí wọn tí wọ́n gbé ère Ẹni Mímọ́ náà bọ̀ látẹ̀bá adágún. Wọ́n ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, fèrè wà lábíyá. Bángà wà lára ògiri Vica, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Vica fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ dúdú rẹ̀ tó dáa jù, ó ń wo ojú ọ̀run tí ohunkóhun ò dún níbẹ̀.

Lorna jáde, kò tiẹ̀ rántí wọ bàtà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n yìn ín. Ẹ mọ̀ pé irọ́ ni mo pa."

"Mo ti mọ̀ láti òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn," ni Vica wí. "Ọ̀tún lo fọwọ́ lé. Ta ni ọkàn rẹ̀ wà lọ́tùn-ún?"

"Kí ló wá dé tí ẹ dákẹ́?"

"Mo wò ó pé obìnrin àgbà tó ń tìtorí oorun purọ́ nínú ẹ̀wù ìsùn, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Mo ní ká jẹ́ kó sùn." Ó tún wo ojú ọ̀run. "Ṣùgbọ́n bángà Fermín tí kò dún lónìí yìí dùn mí, ọmọ mi. N ò ní purọ́ fún ọ."

Lorna wá ilẹ̀ tó máa lanu gbé e mì, kò rí. Ó na ọwọ́ sí Tranquilino. Ìyẹn wo Vica, Vica mi orí pé kó fún un, ló bá gbé sìgá tó ti tanná sí lé e lọ́wọ́, ó sì di ọ̀pá bángà mú fún un. Lorna fi sìgá náà kan okùn rẹ̀. Iná ràn, nǹkan náà dún fìì, ó fò lọ, ó sì dún gbàmù lórí adágún.

Kò sẹ́ni tó mira. Gbogbo ojú wà lára Lorna.

"Ṣé wọ́n ti kú ni?" ẹnì kan béèrè látorí òrùlé.

Ẹ̀rín bú. Evaristo fi fèrè sẹ́nu, ajá ẹnì kan gbó, bángà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra. Àárín ariwo náà ni Lorna dúró sí láìwọ bàtà, ojú rẹ̀ pọ́n bí tòmátò, ó ń wo Vica tó ń sunkún, tó sì ń rẹ́rìn-ín sójú ọ̀run.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, kò sí omitooro. Lorna dúró, dúró. Nígbẹ̀yìn, ó mú abọ́ òfìfo, ó lọ kan ilẹ̀kùn Vica, ojú sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

"Àwọn aláìsàn ni mò ń gbé oúnjẹ fún," ni Vica wí látinú ilé. "Wọlé, wá bó àlùbọ́sà."