Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Fi Ayaba Wọn Sílẹ̀ Lórí Pátákó Chess

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní Sátidé tó kọjá, mi ò sì lè dá a gbé mì.

Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu wọn. Àwa ọmọ wá gbà pé ọpọlọ wọn ti rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi, Délé, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ákùúrẹ́, ní òun máa wá kó wọn kúrò ní Ẹ̀gbẹ́dá lọ sọ́dọ̀ òun. Bàbá ní àwọn ò lọ. Ta ló dá wọn lóhùn?

Mo ní kí n kọ́kọ́ mú wọn lọ kí ọ̀rẹ́ wọn, Alhaji, n'Íkọ̀tún. Chess ló so àwọn méjèèjì pọ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Bá a ṣe jókòó báyìí, Alhaji ti gbé pátákó jáde!

Wọ́n ta á, wọ́n ta á. Alhaji há ọba Bàbá mọ́ igun. Ni Bàbá bá fi ayaba wọn, ọmọ tó lágbára jù lórí pátákó, jẹ rook Alhaji, ọmọ tí agbára rẹ̀ kò tó ti ayaba. Alhaji sì jẹ ayaba náà lójú ẹsẹ̀. Àyà mi já! Ta ló ń fi ayaba gba rook? Mo sọ nínú ara mi pé òótọ́ ni Bọ̀ọ̀dá Délé ń sọ jàre.

Mo yọ fóònù, mo to ọmọ tó kù sínú app chess tí mo fi ń kọ́ eré náà. Ó ní Alhaji ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí. Omi lé sí mi lójú.

Ṣùgbọ́n Alhaji ò rí Bàbá mú o! Ọba Bàbá wà lẹ́yìn pawn kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún wọn, ọmọ tó kéré jù lórí pátákó. Rook tiwọn ń lọ ń bọ̀ níwájú, pawn yẹn sì ń ṣọ́ ọ. Ayaba tó dá kù fún Alhaji yí gbogbo pátákó ká, ó wá ibi tó máa gbà wọlé tì. App ṣì ń sọ pé Alhaji ló ń borí!

"Kò... sí ọ̀nà," Bàbá sọ.

Alhaji bú sẹ́rìn-ín, wọ́n di ọwọ́ Bàbá mú. "Ọ̀mì ni! Tíṣà, o ṣì wà níbẹ̀!"

Níbẹ̀ ni mo ti pe Bọ̀ọ̀dá Délé. Kí ló dé tí app ò rí i? Ó ní kọ̀ǹpútà máa ń dán ohun tí ẹnì kan lè ta wò, á wo bí ẹnìkejì ṣe lè fèsì, á tún wo èsì sí èsì yẹn, títí dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Èyí tó bá jọ pé kò dáa, kò ní tẹ̀lé e jìnnà. Níbi tó bá dúró sí, á wo ọmọ tó kù, á díwọ̀n ẹni tó lágbára. Ayaba ju rook lọ, ó parí! Tí ọ̀nà bá ti dí, ó lè máa wo iwájú títí, á ṣì máa rò pé ayaba yẹn máa rí nǹkan ṣe.

Ni Bọ̀ọ̀dá bá bi mí léèrè:

"Bọ́lá, Bàbá fúnra wọn ló ronú kan ìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Fún wọn ní fóònù."

Mo tan speaker fóònù, Bọ̀ọ̀dá sì bi Bàbá níbi tí wọ́n fẹ́ máa gbé. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. A dúró. Ó pẹ́ o.

"Ẹ̀gbẹ́dá," ni Bàbá wí. "Ilé... mi."

Bọ̀ọ̀dá Délé ní ó ti yé òun, òun ló yẹ kóun máa wá kí wọn. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé ó ń sunkún. Èmi náà ńkọ́? Alhaji ló fún mi ní áńkáṣíìfù!

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ká má fi ohun tó ti bọ́ lọ́wọ́ èèyàn díwọ̀n ohun tó ṣì kù nínú ẹ̀. Ẹ bi í, kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnì kan wà nílé yín tẹ́ ẹ rò pé ó ti tán, tó wá yà yín lẹ́nu? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ jọ̀ọ́. Màá kà á sókè fún Bàbá.