Ìyá Tó Mọ Gbogbo Ará Orí Òkè

Iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn, ní yàrá tí a ti ń forúkọ ọmọ tuntun àti òkú sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi na ìwé kan sí mi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé abúlé kan tó wà lórí òkè, lẹ́yìn Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ti dahoro. Bẹ́ẹ̀ bàbá àgbẹ̀ kan láti abúlé yẹn gan-an ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, tó wá bèèrè ìgbà tí a máa rán nọ́ọ̀sì sí wọn. Ọ̀gá mi ní kí n bá bàbá náà lọ, kí n kọ orúkọ ẹni tí mo bá rí.

Ọ̀kadà gbé wa dé ẹsẹ̀ òkè. A fẹsẹ̀ rin ìyókù, lórí àpáta tí ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ̀ títí tó fi ń dán. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dúró mí. Bàbá kò dúró rárá. Nígbà tí a yọ sókè, ẹnu yà mí. Oko iṣu àti ọkà bàbà lọ títí, mọ́ṣáláṣí kékeré wà láàárín ilé, àwọn obìnrin sì ń sá èlùbọ́ sórí àpáta. Ibi tí ìwé wa pè ní ahoro nìyẹn.

Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó tó ń gbẹ̀bí fún wọn. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Mo kúnlẹ̀, mo jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ó ní kí n mú bírò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé tó wà létí ọ̀nà, ó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé: baálé, àwọn ìyàwó, àwọn ọmọ, èyí tó ń kàwé ní Ṣakí, èyí tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ó mọ èyí tí òjò ń rọ̀ nígbà tí wọ́n bí i, ó mọ èyí tó mú ẹsẹ̀ wáyé. Tó bá kan ẹni tó ti kú, á ṣàdúà fún un, á sì máa bá a lọ. Èmi rèé, tí mo ń wo fóònù kí n tó rántí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ mi.

N kò gbà á gbọ́ tán. Mo yí gbogbo ilé ká títí di ọjọ́ kejì. Gbogbo rẹ̀ bára mu, àfi ọmọbìnrin kan tí mo bá nílé kan, tí ìyá kò dárúkọ. Kí n má purọ́, inú mi dùn díẹ̀. Mo padà lọ sọ fún un. Ó ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá. Ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

Ó ní, “Èmi kọ́ ni mo gbẹ̀bí èyí. Níbo lo ti wá, ọmọ mi?”

Ọmọ náà fèsì pé Ìwéré-Ilé ni òun ti wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun.

Mo bi ìyá bó ṣe ń rántí gbogbo wọn. Ó ní ní àfẹ̀mọ́júmọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, òun máa ń dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan fún Ọlọ́run. Tí òun bá fo ẹnì kan, ọkàn òun kì í balẹ̀.

Ìgbà tí mo tún àwọn orúkọ tí mo kọ sílẹ̀ kà ni mo rí i pé orúkọ kan kò sí níbẹ̀.

Mo ní, “Ìyá, ẹ ò ka ara yín.”

Ó ní, “Ẹni tó gbẹ̀bí mi ti lọ tipẹ́.”

Mo bi í ní orúkọ tirẹ̀ gan-an, mo sì kọ ọ́ mọ́ tàwọn yòókù.

Ó pẹ́ kí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tó fọwọ́ sí ìwé tí mo mú bọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti ń gòkè lọ sọ́dọ̀ wọn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ báyìí. Ó sọ fún mi pé ìyá máa ń jókòó tì òun, á fọwọ́ kan ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbé wá, á sì ti sọ ọmọ ẹni tó jẹ́, kí ìyá ọmọ náà tó lanu.